Àpótí Alápá Aṣọ

Nígbà tí Kúnnúmi gbé àpótí ọrẹ lọ sábẹ́ àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì, kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló dé. Òun náà kò bi ara rẹ̀. Àpótí ọ̀hún ti darúgbó, ikán ti jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, aṣọ àrán tí wọ́n rán mọ́ ẹnu rẹ̀ bí apá ẹ̀wù sì ti ṣá títí àwọ̀ rẹ̀ fi jọ ti eruku Jọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọrẹ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ti ọwọ́ bọ apá aṣọ yẹn dé ọrùn ọwọ́ kí ó tó lè ju owó sínú àpótí. Lójú Kúnnúmi, ẹ̀ṣọ́ lásán ni, bí aṣọ tí àwọn ìyá wa máa ń dà bo tẹlifíṣọ̀n. Ó ti àpótí náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àga tó ti ṣẹ́, ó gbọn eruku ọwọ́ rẹ̀ nù, ó sì ń súfèé jáde.

Ayọ̀kúnnúmi ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Kabong ní Jọ́ọ̀sì ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí. Bàbá bàbá rẹ̀ ló tẹ̀lé réluwéè wá láti Ìlá. Kúnnúmi ka ìmọ̀ ìṣirò ní yunifásítì, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní ìṣirò, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Bí ó bá dúró de ọkọ̀, á máa ro nọ́ńbà ọkọ̀ tó ń kọjá pọ̀. Bí pásítọ̀ bá ń wàásù, á máa ṣọ́ iye ìgbà tó bá sọ pé "nítorí náà". Ohun tí kò bá yé e, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ títí yóò fi rí ìdí rẹ̀.

Ohun tí kò yé e lọ́tẹ̀ yìí ni ọ̀rọ̀ owó orí fóònù. Lọ́dún tí ìjọba pààrọ̀ owó, tí náírà di àwátì nígboro, gbogbo ìjọ Yorùbá tí Kúnnúmi ń lọ ló ń fi fóònù san ọrẹ. Àwọn ìyá àgbà tí kò mọ̀ ju kí wọ́n gbé ìpè lọ ń tẹ nọ́ńbà bánkì bí ẹni ń tẹ dùùrù. Ṣùgbọ́n bí owó ṣe padà sígboro, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn padà sídìí àpótí. Pásítọ̀ Ìbíkúnlé pe Kúnnúmi, ó ní kí ó bá òun wá nǹkan ṣe sí i, nítorí gbígbé àpò owó kọjá nígboro lẹ́yìn ìsìn kò fọkàn ẹni balẹ̀ mọ́.

Kúnnúmi gbìyànjú. Ó kọ nọ́ńbà bánkì ìjọ gàdàgbà sára ògiri. Ó jókòó ti àwọn àgbà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ṣàlàyé pé ó yá, pé kò séwu, pé kò sí wàhálà ṣéńjì. Wọ́n gbọ́, wọ́n súre fún un, wọ́n ní yóò bí ìbejì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n di owó wọn mọ́wọ́, tí wọ́n jó lọ sídìí àpótí.

Lukman ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló la ọ̀nà fún un. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí ní àdúgbò Dilimi ni Lukman, ó ní ìsọ̀ POS kan lẹ́nu ọ̀nà ọjà Laranto, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

"O rò pé àwọn èèyàn fẹ́ràn fóònù ni?" Lukman ní. "Haba, Kúnnúmi! Ta ló fẹ́ràn owó tí kò ṣeé dì mọ́wọ́? Wo ìdí alápatà ọ̀hún yẹn. Ṣé o rí Alhaji yẹn tó ṣe tiransífà? Wo ẹni tó dúró tẹ̀lé e. Ó ń wo náírà rírún tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ bí ẹni pé ó jí i. Tó bá tún padà wá, tiransífà lòun náà máa ṣe. Ojú ni, wallahi. Ojú ẹlòmíràn ló ń sọ èèyàn di ọ̀làjú."

"Ojú," Kúnnúmi ní, bí ẹni tí nọ́ńbà tó sọnù nínú ìṣirò ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí lọ́wọ́. Kò tilẹ̀ dúró gba owó tó wá gbà.

Kò pẹ́ tó fi ṣe ètò kan sínú kọ̀ǹpútà ìjọ. Bí owó bá ti wọ bánkì ìjọ, orúkọ ẹni tó fi ránṣẹ́ á yọ lára ògiri lókè orí àwọn akọrin: Ọlọ́run bùkún fún Arákùnrin báyìí, Ọlọ́run bùkún fún Arábìnrin báyìí. Kì í fi iye hàn. Kúnnúmi gbà pé àìfi iye hàn yẹn ni ọgbọ́n inú rẹ̀, pé kò ní dójú ti ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́, orúkọ Ọmọ́yẹmí, olórí akọrin, ló kọ́kọ́ yọ. Ìjọ hó yèè. Kí orin tó parí, fóònù ti jáde láti àga dé àga.

"Ẹ jọ̀ọ́, orúkọ tèmi dà?" bàbá kan kígbe láti ẹ̀yìn. "Mo ti fi ránṣẹ́ o! Nẹ́tíwọ̀kì yìí ló fẹ́ bà mí lórúkọ jẹ́!"

"Ẹ tún un fi ránṣẹ́, sà!" Ọmọ́yẹmí dá a lóhùn. "Ọlọ́run kò ní bínú bó bá di ẹ̀ẹ̀mejì!"

Ẹ̀rín pa wọ́n. Pásítọ̀ pàápàá fi Bíbélì bo ẹnu rẹ̀. Láàárín oṣù kan, owó tó ń bọ́ sínú àpótí kò tó ra ẹ̀kọ. Ìgbà tí àwọn ọmọ akọrin wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi náírà mẹ́wàá mẹ́wàá ránṣẹ́ kí wọ́n lè máa fi orúkọ ara wọn rẹ́rìn-ín, Kúnnúmi fi ààlà sí i: owó tí kò bá tó ẹgbẹ̀rún kan náírà, orúkọ ẹni tó san án kò ní jáde. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló fi ṣe é. Nígbà náà ló gbé àpótí sábẹ́ àtẹ̀gùn.

Bàbá Akíndélé wà nínú ìjọ yìí. Tíkẹ́ẹ̀tì ló ń tà ní ibùdókọ̀ réluwéè Jọ́ọ̀sì títí ọkọ̀ ojú irin fi dẹ́kun wíwá. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ wà níbi jíjìn, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ sì dà bí òjò inú ọ̀gbẹlẹ̀, tó bá rọ̀ lónìí, ó di ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń jó lọ sídìí àpótí tó o. Kóòtù réluwéè rẹ̀ aláwọ̀ búlúù dúdú, tó ní bọ́tìnì idẹ, ló máa ń wọ̀. Á gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, á di í ní ìkúùkù gírígírí, á máa fẹsẹ̀ janlẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì tó fẹ́ gbéra. Àwọn èwe á kígbe pé, "Réluwéè!" Òun á dáhùn pé, "Ó ń lọ!"

Òun ló kọ́ Kúnnúmi ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi. Bí ẹ̀kọ́ bá parí, á tú igi ìṣáná sórí tábìlì, á fi to ilé, á ní kí àwọn ọmọ yí ojú ilé náà padà láìjẹ́ pé wọ́n mú ju igi kan lọ. Kúnnúmi nìkan ló máa ń dúró tì í títí. "Má sáré mú igi náà kúrò," Bàbá á ní. "Kọ́kọ́ bi ara rẹ pé kí ló gbé e débẹ̀."

Bàbá yìí ló dá Kúnnúmi dúró lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ kan.

"Kúnnúmi, ọmọ mi. Wá kọ́ bàbá rẹ ní idán ayé òde òní yìí."

Fóònù kékeré oníná tọ́ọ̀ṣì ló mú jáde nínú àpò kóòtù. Kúnnúmi fi hàn án bí yóò ṣe tẹ àmì ìràwọ̀, bí yóò ṣe tẹ nọ́ńbà tẹ̀lé e. Bàbá ń tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ahọ́n rẹ̀ yọ síta díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu.

"Ó jọ tẹligíráàmù," ó ní. "Àfi pé tẹligíráàmù kì í ké ròyìn èèyàn fún gbogbo ìjọ."

Kúnnúmi rẹ́rìn-ín.

"Ẹgbẹ̀rún kan lo ní orúkọ fi ń jáde?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Àwọn ọmọ akọrin ló fà á."

"Bí kò bá wá tó bẹ́ẹ̀ ńkọ́?"

"Ah, Bàbá! Ògiri kò mọ̀ yín rí nìyẹn o!" Kúnnúmi tún bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tó gbọ́ ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀ láé.

Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Ó ti fóònù bọ àpò, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ kóòtù náà mọ́ àyà, bí ẹni ń tu ọmọ nínú.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, orúkọ Bàbá Akíndélé yọ lára ògiri. Ìjọ dìde. "Réluwéè!" "Ó ń lọ!" Kúnnúmi tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ rẹ̀ fi ń ta á. Orúkọ náà yọ lọ́sẹ̀ kejì, ó sì tún yọ fún bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí i. Ọ̀yẹ́ ti ń wọlé nígbà náà, síbẹ̀ súẹ́tà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni Bàbá wọ̀ wá sí ìsìn.

"Bàbá, kóòtù ńkọ́?" Ọmọ́yẹmí bi í.

"Ó wà lọ́dọ̀ alágbàfọ̀," Bàbá ní.

Ọ̀sẹ̀ tó tún yípo, orúkọ rẹ̀ kò yọ. Kò jó. Ó jókòó sẹ́yìn, ó tẹ orí kọ́ bí ẹni ń gbàdúrà. Lẹ́yìn náà, kò wá mọ́.

Kúnnúmi rí i pé àga rẹ̀ ṣófo. Àgbà ni, ó ní nínú ara rẹ̀, òtútù ni, ó máa wá. Ẹni tí ohun tí kò yé e kì í jẹ́ kó jẹun, ó jẹun lọ́jọ́ yẹn.

Ọ̀yẹ́ ọdún náà mú. Ètè ń là, omi àárọ̀ ń buni jẹ bí ajá. Nígbà tí Kúnnúmi gba owó oṣù, ó lọ sí Laranto láti ra súẹ́tà lọ́wọ́ Benjamin, ọmọ ẹ̀yà Berom kan tó ń ta gwanjo, aṣọ àlòkù tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun. Èdè Hausa ni àwọn méjèèjì jọ ń sọ.

"Tíṣà, sannu!" Benjamin ké sí i. "Fi súẹ́tà sílẹ̀, wá wo kóòtù. Èyí kì í ṣe ti òkè òkun o, ti ìjọba ni. Bí o bá wọ̀ ọ́ wọlé, àwọn ọmọ iléèwé rẹ á tọ̀ sára."

Ó gbé e kọ́ sókè. Búlúù dúdú ni. Gbogbo bọ́tìnì rẹ̀ jẹ́ idẹ, àfi ọ̀kan láàárín tó jẹ́ búráńù, irú ti ṣòkòtò.

Kúnnúmi mọ bọ́tìnì yẹn. Nígbà tó wà ní kékeré, ó sùn lọ ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi ní àárọ̀ ọ̀yẹ́ kan, Bàbá sì fi kóòtù yìí bò ó. Nígbà tó jí, ó ti fi eyín já bọ́tìnì kan, ẹnikẹ́ni kò sì rí i mọ́. Ó ń retí ẹgba. Bàbá kàn wò ó, ó ní, "Ṣé ó dùn?" Ní ọ̀sẹ̀ kejì, bọ́tìnì búráńù ló wà níbẹ̀.

"Ta ló ta èyí fún ẹ?" Ohùn rẹ̀ kò ròkè.

"Bàbá Yorùbá kan. Ó bẹ̀ mí kí n má gbé e kọ́ síwájú. Mo fi í sẹ́yìn títí, ṣùgbọ́n ọ̀yẹ́ ti dé, ọjà ni ọjà." Benjamin pe iye rẹ̀. Gbogbo ohun tó kù nínú owó oṣù Kúnnúmi ló fẹ́ gbé lọ. Kúnnúmi kò ná an. Àwọn àgbà ní bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́. Ó dúpẹ́ pé òun ṣì rí tòun rà.

"Owó ọwọ́ ni àbí tiransífà?"

"Tiransífà."

Fóònù Benjamin dún. Ìró alẹ́ẹ̀tì tí Kúnnúmi ti ń pàtẹ́wọ́ fún láti oṣù mélòó kan, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tó ń gbọ́ ọ bí ẹni pé wọ́n gbá nǹkan mọ́ ọn létí.

Ó gbé kóòtù náà sápá, ó lọ bá Lukman. Bí Lukman ṣe rí i, ó fi owó tó ń kà sílẹ̀.

"Kai! Kóòtù bàbá yẹn nìyí. Ó bá ibí kọjá, ó bi mí pé níbo ni Benjamin ń jókòó sí. Nígbà tó padà, kóòtù kò sí lọ́wọ́ ẹ̀ mọ́, owó ló mú wá, ó ní kí n bá òun fi sórí fóònù. Mo tilẹ̀ gba owó iṣẹ́ mi níbẹ̀, Kúnnúmi. Ká ní mo mọ̀ ni, mi ò bá má gbà á."

"Kò sọ nǹkan kan?"

"Mo fi ṣe àwàdà pé, Bàbá, kí lẹ fẹ́ rà lórí fóònù? Ó ní orúkọ òun lòun ń rà."

Kúnnúmi jókòó sórí àpótí mínírà. Gbogbo rẹ̀ wá tò gẹ́gẹ́ bí ìṣirò tó bọ́ sí i, kò sì sí èyí tó wù ú kí ó tò bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ̀rún kan lọ́sẹ̀, títí owó kóòtù fi tán. Òun ló fi ààlà náà síbẹ̀. Òun ló rẹ́rìn-ín.

"Mo ń lọ sílé ẹ̀," ó ní. "Màá dọ̀bálẹ̀ fún un, màá bẹ̀ ẹ́."

"O ó sọ fún un pé kí lo mọ̀?" Lukman bi í.

Kúnnúmi dìde, ó tún gbé kóòtù náà sápá. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn ló yí ẹsẹ̀ rẹ̀ padà sí ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì dípò ilé Bàbá.

Màmá Rhoda wà níbẹ̀, ó ń gbọn eruku àga. Òun ni olórí àwọn tó ń ka owó ọrẹ láti ìgbà tí Kúnnúmi kò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Kúnnúmi dọ̀bálẹ̀, ó gbé kóòtù pa mọ́ sẹ́yìn, ó sì bi í pé, nígbà tí wọ́n ṣì ń lo àpótí, èló ni Bàbá Akíndélé máa ń fi síbẹ̀.

Màmá Rhoda dá ọwọ́ dúró. "Ta ló ń béèrè?"

"Èmi ni, mà."

"Ṣé ìwọ wá ni Ọlọ́run?"

"Rárá, mà."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Mo ní bóyá o ti gba iṣẹ́ Ẹ̀, nítorí mo rí i pé o ti ń kọ orúkọ sára ògiri." Ó rí etí kóòtù tó yọ lẹ́yìn Kúnnúmi. Ojú rẹ̀ yí padà. "Dìde. Tẹ̀lé mi."

Ó mú un lọ sábẹ́ àtẹ̀gùn, ó ní kí ó fa àpótí ọrẹ jáde. Ó fi ìdí ìró rẹ̀ nu apá aṣọ náà. "Ti ọwọ́ bọ̀ ọ́."

Kúnnúmi ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Aṣọ náà gbé ọwọ́ rẹ̀ mì dé ọrùn ọwọ́.

"Kí lo jù síbẹ̀?"

"Kò sí, mà."

"Ta ló rí i?"

Kúnnúmi wo apá aṣọ náà, ó rọra fa ọwọ́ rẹ̀ jáde.

"Lọ́dún tí àwọn iléeṣẹ́ ìwakùsà kógbá wọlé," Màmá Rhoda ní, "ìdajì ìjọ yìí ni kò níṣẹ́ mọ́. Àwọn ọkùnrin kò fẹ́ wá sí ìsìn, nítorí àwo pẹrẹsẹ la fi ń gba ọrẹ nígbà náà, tó ń ti ọwọ́ ẹnìkan bọ́ sí ti ẹnìkejì. Káfíńtà réluwéè ló kan àpótí yìí. Ìyá mi ló rán apá aṣọ sí i. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó ní, á di ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò ní, á di ọwọ́ rẹ̀. Gbogbo wa á jó. Àwa tá a ń kà á mọ̀ pé iye owó inú rẹ̀ kì í pé iye orí tó jó. Ṣé o gbọ́ ọ lẹ́nu wa rí? Ohun tí àgbà fi ń jẹ ẹ̀kọ, abẹ́ ewé ló wà, Kúnnúmi. Ìwọ wá tú ewé."

"Mo rò pé ẹ̀ṣọ́ ni, mà."

"O kò béèrè."

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn wúwo ju àpótí lọ. Kúnnúmi na kóòtù sí i. "Ẹ bá mi gbé e fún wọn, mà. Kí ẹ ní kí wọ́n dárí jì mí."

"Kí n gbé e fún un kí ó lè mọ̀ pé èmi náà ti gbọ́? O ti tú ọwọ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, o fẹ́ tú u lẹ́ẹ̀kejì nítorí kí ara lè tù ọ́. Ìwọ lo dá a sílẹ̀, ìwọ ni kó o rò ó. Ṣé ìwọ kọ́ ni wọ́n ní o lè ro gbogbo nǹkan?"

Kúnnúmi kọ́kọ́ lọ bá Pásítọ̀ Ìbíkúnlé. Ó ní òun fẹ́ pa orúkọ ara ògiri rẹ́.

"Kí ló dé? Ó ń ṣiṣẹ́, àbí? Ẹni bá fẹ́ san án lórí fóònù ń san án, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tún páànù òrùlé ṣe."

"Kí wọ́n máa san án lórí fóònù náà, sà. Orúkọ ni kò yẹ kó máa jáde. Mo ṣe àṣìṣe."

"Àṣìṣe wo?"

Ẹni tó ń kọ́ ọmọ pé kí wọ́n fi gbogbo iṣẹ́ hàn kí wọ́n tó kọ ìdáhùn, kò ní iṣẹ́ kankan láti fi hàn. Bí ó bá dárúkọ Bàbá, ó tú u. Bí kò bá dárúkọ rẹ̀, ó dà bí òmùgọ̀. Ó dúró síbẹ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "N kò lè sọ ọ́, sà."

Pásítọ̀ mi orí. "Ó dára," ó ní. "Ṣùgbọ́n ìwọ ni wọ́n máa bi léèrè o."

Wọ́n bi í lóòótọ́. Ní ọjọ́ Ìsinmi, ògiri funfun báláú. Àpótí ti padà síwájú pẹpẹ, Màmá Rhoda ti fọ apá aṣọ rẹ̀, ó sì ti fi òkúta gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ikán jẹ.

"Gírádúéètì!" Ọmọ́yẹmí ké láti àárín akọrin. "Ẹ̀rọ rẹ ti kú? Kò mà tíì pé ọdún! Kí la wá fi ìwé rẹ ṣe?"

"Ẹ má bínú, mà," Kúnnúmi ní. Ẹ̀rín wọn bà á, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn mọ́ ọn, nítorí ó yẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n àga ẹ̀yìn ṣì ṣófo. Bàbá Akíndélé kò wá.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, kóòtù náà kọ́ sára ilẹ̀kùn yàrá Kúnnúmi. Òtútù ń mú un, kò sì jẹ́ fi bora. Ó ro oríṣiríṣi ọgbọ́n: kí Benjamin lọ sọ pé kò tà. Kí àwọn ìyá ìjọ fi ta àwọn àgbà lọ́rẹ. Kò sí èyí tí kò ní sọ fún Bàbá pé ẹnìkan ti mọ̀. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, ó ká a sínú báàgì, ó sì lọ láìmọ ohun tí òun fẹ́ sọ.

Bàbá Akíndélé jókòó ti ìkòkò èédú nínú ilé rẹ̀ ní Kabong, ó fi kúbùsù yí ara ká. Ikọ́ ń já a gbà.

"Kúnnúmi! Sanyi yìí, òtútù ọ̀yẹ́ yìí, kò jẹ́ kí èèyàn rí yín mọ́. Jókòó. Bu kùnú mu."

Kúnnúmi dọ̀bálẹ̀, ó pẹ́ nílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó jókòó. Ó bu kùnú, kò lè mu ún.

"Kí ló wà nínú báàgì?"

Kúnnúmi fà á jáde. Bọ́tìnì idẹ kọ mànà nínú iná èédú. Bàbá gbé ojú sókè. Ó wo kóòtù náà, ó wo Kúnnúmi, ó tún wo kóòtù náà.

"Kóòtù gidi ni," ó ní nígbà tó yá. "Ti ta ni?"

Kúnnúmi la ẹnu. Ẹ̀bẹ̀ tó ti ń kó jọ láti ọjà Laranto wà ní ṣóńṣó ahọ́n rẹ̀, ó gbóná, ó fẹ́ jáde. Ká ní ó jáde ni, ara ì bá tù ú. Nígbà náà ló rí ọwọ́ ọ̀tún Bàbá tó yọ lábẹ́ kúbùsù. Ó dì í ní ìkúùkù, gírígírí, bí ẹni tó fẹ́ jó lọ sídìí àpótí. Kúnnúmi gbé ẹ̀bẹ̀ náà mì.

"Tèmi ni, sà."

"Tìẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo rà á ní gwanjo. Ó tóbi jù fún mi. Mo ní kí n bẹ̀ yín, kí ẹ máa bá mi wọ̀ ọ́ títí n ó fi tóbi tó o. Bó bá wà lọ́dọ̀ mi, eku ni yóò jẹ ẹ́."

Èédú ta pàrà. Bàbá na ọwọ́, ó fi ìka yí bọ́tìnì búráńù náà lọ, yí i bọ̀.

"Ìwọ ṣì ń dàgbà?"

"Mo rò bẹ́ẹ̀, sà."

"Òótọ́ ni. Mo ti ń wò ó pé o kò tíì dàgbà tán." Kò rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́. "Bọ́tìnì yìí kò bá àwọn yòókù mu. Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ kò tọ́jú ẹ̀."

"Ó tọ́jú ẹ̀, sà," Kúnnúmi ní. "Ọmọ kan ló bà á jẹ́."

"Ọmọ máa ń ba nǹkan jẹ́," Bàbá ní. Ó gbé kóòtù náà lé itan, ó sì fi kúbùsù bò ó. "Mu kùnú ẹ. Ó ń tutù."

Ohun tí wọ́n sọ nípa rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí Kúnnúmi ń padà sílé, ó yé e pé òun kò ní rí ibi kankan sọ ọ́ láé. Kóòtù náà yóò máa jẹ́ tirẹ̀ lọ́rùn Bàbá. Ní gbogbo ọ̀yẹ́ tó bá dé, yóò máa rí i, yóò sì máa gbọ́ ẹ̀rín ara rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

Ní ọjọ́ kejì, orin ọrẹ ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí. Búlúù dúdú wọlé. Ọwọ́ ọ̀tún ròkè, ìkúùkù rẹ̀ le, ẹsẹ̀ ń janlẹ̀, ikọ́ ń dá sí orin.

"Réluwéè!" ni àwọn èwe ké.

"Ó ń lọ!"

Kúnnúmi fi ìdí kọ̀ǹpútà sílẹ̀, ó bọ́ sí ìlà lẹ́yìn Bàbá. Owó oṣù rẹ̀ ti tán sọ́dọ̀ Benjamin, kò sí kọ́bọ̀ lápò rẹ̀, kò sí lórí fóònù. Ó di ọwọ́ rẹ̀. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọwọ́ òfo máa ń wúwo tó bẹ́ẹ̀ láti gbé sókè lójú èèyàn. Níwájú rẹ̀, ọwọ́ Bàbá wọ inú apá aṣọ, ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, ó jáde. Màmá Rhoda tó dúró ti àpótí ń wo òrùlé.

Ó kan Kúnnúmi. Ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Aṣọ náà ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó tú ìka rẹ̀ nínú òkùnkùn ibẹ̀, nǹkan kan kò bọ́. Ó tún un dì kí ó tó fà á jáde.